Agolo Ṣúgà Ìyá Basit

Bí ẹ bá bi ìdajì àwọn tó ń wá ṣínu ní mọ́sálásí wa ní Seat Pleasant, ní Amẹ́ríkà níbí, wọ́n á ní sóbò Kúlísúmù ló ń gbé àwọn wá. Ìrun ló yẹ kó gbé wọn wá, àmọ́ mi ò ní bá wọn jà. Èmi náà ń mu ún.

Ìyá Basit là ń pè é. Láàárọ̀, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Cheverly. Bó bá di Ràmádáánì, á ti ibẹ̀ yà sí ilé ìdáná mọ́sálásí, níbi tí èmi ti ń dín àkàrà. Kò ní ìwọ̀n kankan. Agolo mílíìkì àtijọ́ kan tó gbé wá láti Ìbàdàn, tí etí rẹ̀ ti dípẹtà, ló fi ń wọn ṣúgà. Á bù ú kún, á fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí rẹ̀, á dà á sínú sóbò tó ti sẹ́. Agolo mẹ́jọ ni ìkòkò ńlá ń gbà.

Ohun tí gbogbo wa fi ń yìn ín ni pé kì í tọ́ ọ wò. Àlùfáà wa ti sọ ọ́ títí pé alásè tó ń gbààwẹ̀ lè fi orí ahọ́n kan oúnjẹ, kó sì tu ú dànù. Èmi ń kan tèmi, mo sì ń tutọ́ kiri bí aboyún. Ìyá Basit á ní òun ò ṣe. A ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run rẹ̀ ló pọ̀. Ó máa ń bí mi nínú díẹ̀, torí ó ń sọ èmi di ọ̀kánjúwà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí Ìyá Basit kò lọ síbi iṣẹ́, Ummulkhair, ìyàwó Basit, tẹ̀ lé e wá láti ilé wọn ní Bowie. Oyún rẹ̀ ti yọ, dókítà sì ti ní kó má gbààwẹ̀. Ara ìyàwó náà kò balẹ̀ láàárín àwa tí ebi ń pa, ló bá ń wá iṣẹ́ ṣe ṣáá.

Ìyá Basit tú báàgì rẹ̀, ó tún un tú.

“Ummu, agolo mi dà?”

“Èyí tó ti rust yẹn? Mummy, mo ti jù ú sí recycling nígbà tí mò ń clean cabinet. Wọ́n ti kó o láàárọ̀. Mo ti ra measuring cups tuntun fún yín.”

Ìyá Basit ti báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní agolo mílíìkì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ti ìsinsìnyí kéré sí tòun. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

“Ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ahọ́n kàn án. Ṣé ẹ fẹ́ ṣe ju àlùfáà lọ ni?”

Ó jókòó sórí kúlà.

“Ìyá Inaayah, ẹ fi mí sílẹ̀. Mi ò mọ adùn mọ́.”

Láti ìgbà tí kòrónà ti mú òun, ó ní, ṣúgà àti omi ò yàtọ̀ lẹ́nu òun. Agolo yẹn ló ń bá òun mọ ohun tí ahọ́n òun ò mọ̀. Ó ní bí àwa ìyá mọ́sálásí bá gbọ́, a ó ní kí òun lọ sinmi, a ó sì gbé ìkòkò fún ẹlòmíì. Òótọ́ ló sọ. À bá ṣe bẹ́ẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́ là bá sì fi ṣe é. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé àkàrà jóná lójú mi.

Ummulkhair ti ń sunkún.

“Mummy, èmi ò gbààwẹ̀,” ló wí. “Mo lè tọ́ ọ wò fún yín.”

Ó mú ọ̀kan nínú kọ́ọ̀pù tuntun rẹ̀, ó ń bu ṣúgà. Ìyá ọkọ rẹ̀ á rò ó, òun á mu díẹ̀.

“Ó kù, Mummy.”

Wọ́n tún bù ú.

“Ó ṣì kù díẹ̀.”

Ìlú wo ni ìyá ọkọ ti ń sè é tí ìyàwó ń pàṣẹ? Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo dojú kọ epo mi.

Nígbà tó yá, ọmọ náà gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Ó ti tó. Ó dùn.”

Mo rò pé Ìyá Basit máa pe àwọn ọkùnrin kí wọ́n wá gbé ìkòkò. Kò pè wọ́n. Ó fa àga, ó jókòó ti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì tún ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Tún un mu,” ló wí. “Fara balẹ̀. Sọ bó ṣe dùn fún mi.”