Igi Kérésì tí Wọ́n Ní Àdìkẹ́ Fi Ẹnu Jó

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹnu sì ni Àdìkẹ́ fi ń ja tirẹ̀. Kò sí ẹni tó dàgbà sí àdúgbò wa lẹ́yìn rélùwéè tí kò tíì gba ìbáwí lẹ́nu rẹ̀ rí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ìdáná àti ìtọ́jú ilé ló sì fi ń kọ́ni. Bó bá bá ọ níbi tí o ti ń da epo sínú sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́, wàá gbọ́ ọ. Bó bá rí i pé o sá aṣọ sórí wáyà iná, wàá tún gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Bíọ́lá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà, ìjọ wa nìkan ló kù tí Àdìkẹ́ ní. Inú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà ló sì fẹ́ kó sin òun lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé.

Ní Kérésì tí mò ń sọ yìí, Ajíbádé, alága ìgbìmọ̀ ọdún, fẹ́ kí igi tiwa tètè yọ ju ti ìjọ òdìkejì ọ̀nà lọ. Oṣù kọkànlá ò tíì parí tó ti lọ gé igi páìnì ní Òjòkú. Ó rì í sínú àgbá tó kún fún yanrìn gbígbẹ, ó lẹ òwú mọ́ ọn lára bíi yìnyín tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí, ó sì to àbẹ́là sí ìdí rẹ̀. Ọyẹ́ dé, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì fa gbogbo omi ara igi náà gbẹ. Nígbà tí kárọ́ọ̀lù ku ọjọ́ díẹ̀, Àdìkẹ́ mi ẹ̀ka kan, ewé rẹ̀ dà sílẹ̀ wùrùwùrù.

"Ajíbádé, igi tútù là ń lò, kì í ṣe igi ìdáná," ló wí. "Ó yẹ kí o ti gé ìdí rẹ̀ lọ́tun, kí o gbé e sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi, kí o máa bomi kún un láràárọ̀. Èyí ti gbẹ. Gbé e síta. Bí ẹ bá tan àbẹ́là sí ìdí rẹ̀, á gbiná, á sì jó ọmọ ọlọ́mọ."

Roseline, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin, yí ọwọ́ po orí, ó sì ta ìka dànù.

"Mummy, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín pè é fún wa."

"Èmi ò pe nǹkan kan. Igi tó gbẹ ni mò ń sọ."

"Ẹ tún ti ń sọ ọ́."

Gbogbo wa ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ Roseline, ẹnì kan ò sì dìde lọ bu omi. Àmín ò wọ́n wa, omi ló wọ́n wa.

Nírọ̀lẹ́ kárọ́ọ̀lù, àwọn ọmọdé ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí iná àbẹ́là ran òwú. Kí a tó pe Jésù lẹ́ẹ̀kan, igi ti di iná láti ìdí dé orí. A ń tẹ ara wa mọ́lẹ̀ jáde, Ajíbádé sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ìta. Olúwafẹ́rànmí, ọmọ Roseline, ló sún mọ́ igi jù, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì gbiná. Àdìkẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ló padà sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ lásán pa iná lára ọmọ náà, ó sì wọ́ ọ jáde. Ẹsẹ̀ ọmọ bó. Àtẹ́lẹwọ́ Àdìkẹ́ méjèèjì bó, ìka rẹ̀ sì kákò títí dòní.

Ní ọsibítù, wọ́n ṣì ń di ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí Roseline wá dúró tì í. Àdìkẹ́ rò pé ó wá dúpẹ́ ni.

"Inú yín ti dùn báyìí?" ni Roseline wí. "Ẹ ní á jó ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti jó o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbilẹ̀. Kò sí ẹni tó bi Ajíbádé léèrè yanrìn gbígbẹ. Ẹnu Àdìkẹ́ ni wọ́n ń wádìí. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní iná mọ ẹni tó pè é, ìyẹn ló ṣe bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní kó dúró sílé ná, títí ọkàn àwọn èèyàn á fi balẹ̀. Àwọn ìyá tó kọ́ níwèé ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bó bá ń kọjá. Ọdún kan gbáko ló lò bẹ́ẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè fún aṣọ. Ó ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí. Ìkà ni wá.

Nígbà tí Kérésì mìíràn kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n rán Ajíbádé sí i. Ìjọ ti ṣe tán láti gbà á padà, àmọ́ kó kọ́kọ́ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ rere sí igi tuntun níwájú gbogbo èèyàn kí kárọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá. Igi tuntun dúró nínú àgbá èṣí, nínú yanrìn kan náà, àbẹ́là yí ìdí rẹ̀ ká. Kí la fẹ́ pààrọ̀ yanrìn fún? Ṣebí ẹnu ló jó ti àkọ́kọ́. Àdìkẹ́ fi ìka tó kákò kan ewé, ewé rún sí i lọ́wọ́. Ó wo inú àgbá, kò sí omi. Ó gbójú sókè, ó rí gbogbo wa tí à ń wo ẹnu rẹ̀.

"Igi yìí dára," ló wí. "Kò ní séwu."

Àmín wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Roseline dì mọ́ ọn, ó tún pè é ní Mummy. Wọ́n ní kó wá sórí ìjókòó rẹ̀ níwájú, ó ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tẹ́ òun lọ́rùn.

Olúwafẹ́rànmí tiro wá bá a níbẹ̀. Láti ọjọ́ iná yẹn, ẹ̀rù àbẹ́là ń ba ọmọ náà.

"Mummy, ṣé lóòótọ́ ni pé kò ní jó?"

Roseline ti yíjú wò wọ́n. Àdìkẹ́ wo Roseline, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Kò ní jó," ló wí. "Lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ kọrin."

Ọmọ náà gbà á gbọ́, torí kò sí ẹni tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu Àdìkẹ́ rí. Ó lọ dúró sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, Ajíbádé sì ṣá ìṣáná.