Àlejò Ni À Ń Sìn Sọ́nà

Ẹni tó ń tọ́jú ilé náà, tí gbogbo wa ń pè ní super, ló fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ó ní òun kò rí iná rí lójú fèrèsé ọmọ tí mo kó wá sí àjà kẹrin. Ó ní òun kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀, òun kò gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ó wá bi mí pé, ṣé ó dá mi lójú pé ènìyàn ni mo kó wá.

Mo ní ó dá mi lójú. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, orí mi dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àwọn ọmọ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ òbí wọn, tó fi wọ́n sọ́dọ̀ alágbàtọ́, èmi ni mò ń bójú tó kéèsì wọn níhìn-ín ní New York. Àwọn tó wà lọ́wọ́ mi ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n bá ń sún mọ́ ọdún mọ́kànlélógún, tí ìjọba fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí wọn, ni wọ́n ń kó wọn fún mi. Màá bá wọn wá ilé, màá kọ́ wọn bí a ṣe ń san rent, màá sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Independent living ni ọ́fíìsì ń pè é. Mo wá Yorùbá tí mo lè pè é títí, dídá gbé nìkan ni mo rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nílùú wa ní Iléṣà, n kò rí ẹni tó gbàdúrà dídá gbé fún ọmọ rẹ̀ rí. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Irun mi ti funfun lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yé mi tán.

Tiana ni orúkọ ọmọ àjà kẹrin. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ará Brooklyn, ṣùgbọ́n obìnrin Yorùbá kan ní Port Richmond, ní Staten Island, ló gbà á tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mama Rẹ̀mí là ń pe obìnrin náà. Iṣẹ́ home attendant, títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ló ṣe títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òun ló sọ Tiana ní Àbẹ̀kẹ́, òun ló sì kọ́ ọ ní Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Tiana tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Nǹkan kan wà nípa Mama Rẹ̀mí. Kò sẹ́ni tó wọ ilé rẹ̀ tí kì í sìn sọ́nà. Bí mo bá ti ṣe ìbẹ̀wò tán, á ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, á mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì sínú nylon fún mi, á bá mi rìn dé bus stop, á sì dúró tì mí títí bọ́ọ̀sì á fi dé, ìbáà ṣe nínú yìnyín. Kódà ọkùnrin tó wá wo mítà gáàsì, ó sìn ín dé kọ́nà. Ọkùnrin náà ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n fura sí.

Ilé tí mo bá Tiana rí yìí wà ní Highbridge, ní Bronx, lórí òkè tí orúnkún mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń dúró de irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà, òfin rẹ̀ sì ni pé ẹni tí kò bá gbé inú rẹ̀, wọ́n á gbà á padà. Ọ̀gá mi ní kí n mọ ibi tí ọmọ yìí wà kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á fún ẹlòmíràn. Bí Tiana bá pàdánù ilé náà, shelter, ilé àwọn aláìnílé, ló kàn.

Mo ní kó wá pàdé mi níbẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà nínú nylon tí wọ́n fi gbé e dé. Sítóòfù mọ́ bíi ti ṣọ́ọ̀bù.

"Tiana, níbo lò ń sùn?"

"Around, Uncle."

"Around kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Kì í ṣe ọkùnrin. Mo rò pé eku ni, mo lọ ra pàkúté. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí mo padà dé lọ́sẹ̀ kejì, pàkúté náà wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú nylon.

Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu títí, ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ní Stapleton lòun ń sùn, lórí àga. Ọ̀rọ̀ wá rú mi lójú pátápátá. Staten Island ni Stapleton wà. Ṣé ẹni tó lè wọ subway, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó dé Stapleton, kò lè wọ bọ́ọ̀sì kan sí i kó dé ọ̀dọ̀ Mama rẹ̀?

"Kí ló dé tí o kò lọ sùn lọ́dọ̀ Mama?"

Ó yí ojú sí ògiri. "She's done with me, Uncle. Ẹ fi sílẹ̀."

Mo ní ìjà ti wáyé nìyẹn. Mo gbọ̀nà Port Richmond. Mama Rẹ̀mí ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú mi.

"Bọ̀dá Délé, ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé àlàáfíà ni Àbẹ̀kẹ́ wà?"

Mo ní àlàáfíà ni. Mo bi í bóyá wọ́n jà. Ó ní ìjà kẹ̀? Ó mú mi lọ wo yàrá ọmọ náà. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sílípáàsì Tiana sì wà lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe bọ́ ọ sílẹ̀.

"Ọ́fíìsì yín fẹ́ gbé ọmọ mìíràn wá. Mo ní bẹ́ẹ̀dì yìí ní ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ò yọjú, kò pè mí. Mo ní bóyá ilé tuntun ti gbà á lọ́kàn."

"Ẹ̀yin náà ò pè é, Mama?"

"Ṣé ìyá ló ń kọ́kọ́ pe ọmọ?"

 Mo dìde. Ó ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Bí a ti ń lọ ni ọjọ́ tí a kó Tiana lọ sí ilé tuntun wá sí mi lọ́kàn. Èmi ni mo mú ọkọ̀ van wá. A gbé ẹrù rẹ̀ jáde tán, Tiana dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, Mama Rẹ̀mí sì wà ní kíṣínì tó ń fọ ìkòkò, ó kẹ̀yìn sí wa. "Ó dàbọ̀" nìkan ló sọ.

Mo ní, "Mama, ẹ máa ń sìn mí. Ẹ máa ń sin ọkùnrin gáàsì. Lọ́jọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ lọ, ẹ ò jáde."

Ó dúró sójú kan, ó wò mí bíi pé mo bú u. "Kí n sìn ín? Ṣé àlejò ni? Bí mo bá sìn ín, ó túmọ̀ sí pé ó ti lọ nìyẹn. Ọmọ ilé ń jáde ni, á tún wọlé."

Ó yé mi. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì tán, kò yé mi mọ́. Mo lọ bá Tiana níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo bi í nípa ọjọ́ náà.

"Uncle, ó máa ń walk gas man dé corner. Gas man! Èmi, she didn't even turn around. Ìkòkò yẹn ti mọ́ tipẹ́. Ó kàn ń fọ̀ ọ́ ni." Omi ti gba ojú rẹ̀. "I can't sleep in that place. Ó dà bíi pé wọ́n ju èèyàn síbẹ̀."

Mo ti ṣe olùkọ́ rí kí n tó wá sílùú yìí, mo mọ bí ìbéèrè ṣe ń rí tí olùkọ́ gan-an kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí ìyá fi hàn pé ọmọ òun ni, òun náà ni ọmọ rí bí ìgbà tó lé òun. Ta ni kí n dá lẹ́bi? Mo pe Mama Rẹ̀mí, mo sọ ohun tí Tiana sọ. 

"Ó rò pé mo lé òun?" ó ní. "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Ní Sátidé, mo lọ mú un. Ó gbé kúlà ìrẹsì lọ́wọ́ kan. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ sílípáàsì Tiana, ó gbé e, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. "Bí mo bá mú un lọ, á ní mo gbá òun jáde. Bí mi ò bá mú un, kí ni á wọ̀ nínú ilé?"  Níkẹyìn ó fi èyí sílẹ̀ níbi tó wà, a yà ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà, ó ra òmíràn, àwọ̀ pupa.

Tiana ṣílẹ̀kùn ní Highbridge, ó rí i, ó ṣe ìdajì ìkúnlẹ̀ tó máa ń ṣe.

Mama Rẹ̀mí kò jókòó. "Àbẹ̀kẹ́, mi ò sìn ẹ́ torí pé o kì í ṣe àlejò. Ilé rẹ nilé mi. Sílípáàsì rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."

"You could've told me, Mama."

"Mo rò pé o mọ̀."

"Ọmọ Brooklyn ni mí, Mama. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

 Mama Rẹ̀mí bú sẹ́kún, Tiana dì mọ́ ọn, èmi náà wá nǹkan wò lójú fèrèsé torí ojú mi ti ń ta mí. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Mama fi ọ̀bẹ ya nylon ara bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ, ó sì bu ìrẹsì fún wa. Ó gbé pàkúté mi síta. Ó ní irú ẹ̀bùn wo nìyẹn.

Nígbà tí a dìde láti lọ, Tiana mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì pupa, ó sì tẹ̀ lé wa.

"Níbo lò ń lọ?" ni Mama Rẹ̀mí bi í.

"Mò ń sìn yín lọ sí bus stop."

"Èmi? Èmi ni o fẹ́ sìn?"

"Ilé mi lẹ ti wá kí mi, Mama. Ẹ̀yin ni àlejò."

Mama Rẹ̀mí wò mí. Mo wo ilẹ̀. N kò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó bà jẹ́, n kò sì rò pé òun náà mọ̀. Ó kàn di apá ọmọ náà mú, a sì sọ̀kalẹ̀ òkè. Tiana dúró tì wá títí bọ́ọ̀sì fi dé, ó fi nylon kan lé Mama lọ́wọ́, ó sì yí padà. Láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, a rí i tó ń gun òkè, tó ń ju kọ́kọ́rọ́ sókè tó sì ń hán an.

"Ó ń lọ sílé," ni Mama Rẹ̀mí wí.

Ó ṣí nylon náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó mú èkejì dání láìbó o títí a fi dé etí omi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Staten Island.