Ẹsẹ̀ Màmá Ìwàlẹwà Lọ́dún Tí Ṣọ́ọ̀bù Ń Tì

Lọ́dún 1994, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń tì ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, bí ẹni pé wọ́n ń fi ṣe ìdíje. Epo mọ́tò di ohun tí à ń gbúròó rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ti ìrìnàjò dé. Iná mànàmáná ń yà kí wa bí àna ṣe ń yà kíni: kò jókòó, kò jẹun, ó ti lọ. Náírà wá fúyẹ́ débi pé ẹni tó bá ń lọ ra ṣúgà gbọ́dọ̀ fọwọ́ di àpò mú kí atẹ́gùn má baà gbé owó ọ̀hún lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí ọjà rẹ̀ ń yá ládùúgbò wa ni ọkùnrin tó ń ta agádágodo, nítorí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ló ń sáré lọ bá a. Nígbà tí kò sí ṣọ́ọ̀bù tó bẹ́ẹ̀ láti tì mọ́, òun náà fi agádágodo tó kù kẹ́yìn ti ilẹ̀kùn tiẹ̀, ó sì gba Ìbòkun lọ láti lọ dáko. Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, kò pọ̀ ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ epo kọ́ ni mo gbé dání. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ Màmá Ìwàlẹwà, ìyá onílé mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni màmá. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ló mú un wá sí Òṣogbo nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ó sì kọ́lé fún un kó tó dolóògbé. Màmá ti pẹ́ láàárín wa débi pé ó mọ ẹni tó ń jẹ gàrí tó sì ń sọ pé ìrẹsì lòun jẹ. Síbẹ̀, "ulé" ló ṣì ń pe ilé, ẹni tó bá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ yóò gba èsì tó máa mú un dákẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú òwò tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ ènìyàn láàárọ̀ ló ń sọ bí ọjọ́ yóò ṣe rí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dára, ọjà á tà wàràwàrà. Bí kò bá dára, eṣinṣin ni ọlọ́jà á máa lé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹsẹ̀ Màmá Ìwàlẹwà ló dára jù lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n mọ̀, nígbà tó yà ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Ẹkúndayọ̀ oníbúrẹ́dì. Kò tíì délé tí táyà bọ́ọ̀sì ńlá kan fi bẹ́ níwájú ilé búrẹ́dì náà. Gbogbo èrò inú rẹ̀, tí ebi ti ń pa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, já lulẹ̀, wọ́n jẹ búrẹ́dì Ẹkúndayọ̀ tán, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jẹ tábìlì mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni màmá ti di ọba láàárín àwọn ọlọ́jà. Bó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, á wé gèlè, á wọ bàtà tí à ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, á sì jáde lọ ra ìṣáná kan ṣoṣo. Kó tó dé títì, ariwo á ti sọ.

"Màmá, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó kọ́kọ́ dé lónìí!"

"Irọ́ ni! Ṣebí ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n yà sí lánàá? Olójúkòkòrò!"

Kò sí ẹni tó jẹ́ gbowó pé lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàtà fún un ní bàtà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí ẹ̀gún má baà gún ire àwọn. Lọ́jọ́ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìpara tí àwọn ọlọ́jà gbé wá tó fi kun ilé. Àní Awwal tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò pàápàá máa ń fà á wọlé, bẹ́ẹ̀ màmá tí kò ní kẹ̀kẹ́ ológeere ló wá ní nọ́ọ̀tù mọ́tò kún agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi í léèrè nígbà kan bóyá òun gan-an gba ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí gbọ́.

"Láńrewájú," ló wí, "ẹni tí Ọlọ́run fún lóhùn, ṣe ló ń kọrin. Èmi, ẹsẹ̀ ló fún mi. Ṣé kí n wá kó o pamọ́ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe ń lọ kí ọdún burúkú yẹn tó dé. Ẹkúndayọ̀ ló kọ́kọ́ tì. Fúláwà wọ́n, búrẹ́dì rẹ̀ ń kéré sí i títí àwọn oníbàárà fi ń bi í bóyá ọmọ búrẹ́dì ló ń tà, pé níbo ni ìyá rẹ̀ wà. Èmi ló tẹ̀ lé e. Kásẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà, ẹni tó fẹ́ ra kásẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí kò síná, mo bẹ̀rẹ̀ sí fẹnu ara mi kọ orin inú rẹ̀ fún wọn. Ohùn mi ló parí iṣẹ́ tí àìsí iná bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn mi ló kan Awwal. Mọ́tò tí kò rìn, kí ni yóò bàjẹ́ lára rẹ̀?

Ọwọ́ tó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Awwal gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti tì, ó ń ronú. Mo ń kọjá lọ́jọ́ kan ló pè mí.

"Láńre, lọ́jọ́ tí Ẹkúndayọ̀ tì, ta ló kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Màmá Ìwàlẹwà ni."

"Lọ́wọ́ tìẹ ńkọ́?"

"Màmá náà ni."

"Lọ́wọ́ tèmi?"

"Bọ̀ọ̀dá Awwal, ṣebí màmá ló ń ra àkọ́rà lọ́wọ́ gbogbo wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń fà wọ́n láṣọ!"

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ó fò dìde lórí àga. "O ò wá rí i pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é?"

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ náà ti délé ṣáájú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó ń fa màmá mọ́ra bẹ̀rẹ̀ sí sá fún un. Bó ti ń bọ̀ ni ilẹ̀kùn ń dún gbà, gbà, gbà. Obìnrin kan tí kò ráyè tilẹ̀kùn wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó ń ti abẹ́ rẹ̀ kí i: "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá! Ẹ má wulẹ̀ wọlé, a ti rí yín o!" Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn títí màmá á fi lọ, tí á fi bọ̀. Màmá tí kò rí ẹni tà fún un wá ń pẹ́ níta sí i, ó ń wá ìṣáná kiri. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣí, oòrùn ti gòkè, àwọn oníṣẹ́ ìjọba tó máa ń rajà bí wọ́n ti ń lọ sí ọ́fíìsì ti kọjá lọ. Ọjà ò tà mọ́ rárá. Ṣọ́ọ̀bù tún ń tì sí i. Awwal á sì nàka: "Ẹ ò rí i bí?"

Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún màmá lójú. Alákàrà kan ló tú àṣírí. Òun ló kù tí kò ní ilẹ̀kùn tó lè tì. Nígbà tí màmá dúró ti agbada rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kọ́kọ́ rà ná." Màmá ò ra àkàrà mọ́. Ó padà wálé, ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dirù.

"Láńrewájú, lọ́jọ́ Sátidé, mò ń lọ ulé."

"Ilé wo, Màmá? Ṣebí ilé la wà yìí?"

"Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni mo wí. Ẹsẹ̀ tó ń ti ṣọ́ọ̀bù, kó lọ máa rìn nínú oko. Bóyá á bá wọn ti igbó náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú. Ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un ló fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn, àti ọ̀nà tó ti ń rìn láràárọ̀ láti ìgbà tí Ìwàlẹwà ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́síràtù ló gbọ́ tó sáré wọlé. Ọmọ bíbí Òṣogbo ni, òdìkejì ilé wa ló ti ń ta pírófíṣọ̀n: mílíìkì, búrẹ́dì, bisikíìtì, ọṣẹ, àbẹ́là, ìṣáná. Ó máa ń kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé kó tó ṣí, ìdí nìyẹn tí màmá fi ń wá ìṣáná lọ síbòmíì láàárọ̀. Tiẹ̀ nìkan ló ṣì ṣí lápá ọ̀dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku orí mílíìkì rẹ̀ ti tó gbin ẹ̀gẹ́ sí.

"Màmá, wọ́n lẹ̀ ń dirù."

"Mò ń dì í."

"Láìrajà lọ́wọ́ mi?"

"Nọ́síràtù, mi ò ní í débẹ̀. Tìẹ nìkan ló kù. Tí tìẹ náà bá tì, ojú wo ni n ó fi wo àwọn ọmọ ẹ?"

"Ojú tẹ́ ẹ fi ń wò wọ́n tí wọ́n bá ń jẹ iyán yín lọ́jọ́ Kérésì ni."

"Mi ò bá ẹ ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré, Màmá. Wàláì, ọjà ò tà. Ẹ wá o, ẹ ò wá o, mo máa tó tì í. Tí mo bá sì máa tì í, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ràn ló bá mi tì í, kó má jẹ́ eṣinṣin."

Màmá jókòó lórí ẹrù rẹ̀. "Tó bá wá tì lóòótọ́ ńkọ́?"

"Ká jọ máa lọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà nìyẹn. Ẹ ó kọ́ mi níyán gígún."

"Pẹ̀lú ọwọ́ bọ́tà yẹn?" Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí. "Ó dáa. Lọ́la, n ó wá. Tí ṣọ́ọ̀bù ẹ bá tì, ẹ ò ní í gbúròó ẹsẹ̀ mi l'Óṣogbo mọ́. Tí kò bá tì, n ó tú ẹrù mi."

Nọ́síràtù ò dúró gbọ́ tán. Ó bọ́ sójú títì, ó gbé ohùn sókè: "Ẹ gbọ́ o! Lọ́la, Màmá Ìwàlẹwà ló máa kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ mi! Ẹni tójú ẹ̀ ń yún, kó wá wò ó!"

Ẹ wá wo èrò lọ́jọ́ kejì! Wọ́n ti Ìgbọ̀nà wá, wọ́n ti Ọjà Ọba wá. Wọ́n ní àwọn kan tilẹ̀ ti Iléṣà wá, bí kò tilẹ̀ sí epo. Àfi kó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ti mọ́tò. Màmá jáde tòun ti gèlè. Èrò là fún un bí omi òkun. Ó ra ìṣáná kan. Nọ́síràtù gba owó náà, ó fi kan ọjà rẹ̀ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn ọlọ́jà ti ń ṣe, ó sì gbé àpótí fún màmá kó jókòó.

Gbogbo wa na ọrùn síwájú. À ń wo ilẹ̀kùn bóyá á dá ara rẹ̀ tì.

Ilẹ̀kùn ò mira. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí ire kì í dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù kó máa wò ó bíi sinimá. Nọ́síràtù wojú baba kan tó wà níwájú pátápátá.

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá. Ṣé ẹ fẹ́ nǹkan ni?"

"Rárá o, èmi kàn... ẹn... ìṣáná! Ìṣáná ni mo wá rà."

Bí ìtìjú ṣe ṣílẹ̀kùn fún òwò nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀ lé baba náà wá ra ìṣáná. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìṣáná. Nígbà tí ìṣáná tán, wọ́n ní àbẹ́là làwọn wá rà tẹ́lẹ̀ náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọn ò rí nǹkan kan ń pariwo, "Ẹ yà fún mi, mo fẹ́ rajà!" Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ màmá ni wọ́n fẹ́ wò. Ẹni tó bá rà tán ò lọ. Á já bisikíìtì, á máa jẹ ẹ́, á máa wòran. Èmi ra ọṣẹ, mo tún padà ra agolo mílíìkì kan tó ti tẹ̀ wọnú. Ẹkúndayọ̀ oníbúrẹ́dì, ó ra búrẹ́dì ẹlòmíì!

Ti Awwal ló wá jù. Ó ra ìṣáná, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó yípo, ó tò padà, ó ra àbẹ́là, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yípo lẹ́ẹ̀kan sí i, ike tí wọ́n fi ń fún ọmọ ọwọ́ ní mílíìkì ló bá jáde.

"Bọ̀ọ̀dá Awwal," mo ní, "ta ló bímọ?"

"Ẹnì kan á bí i," ló fèsì, kò gbójú kúrò lára ilẹ̀kùn.

Kó tó di ọ̀sán gangan, pẹpẹ ti ṣófo. Nọ́síràtù dojú páálí dé, ó gbọ̀n ọ́n, eruku nìkan ló jáde. Ó bọ́ síta, ó nu òógùn ojú, ó sì mú agádágodo.

"Ó ń tì í!" Èrò hó gèè. "Ó ń tì í o!"

Awwal fò sókè tòun ti ike ọmọ lọ́wọ́. "Mo sọ fún yín! Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Màmá dìde lórí àpótí. Mo rí i bó ti di ẹnu ọ̀nà mú.

"Kí lẹ sọ?" Nọ́síràtù kojú rẹ̀. "Ọjà ló tán! Ẹ̀yin náà lẹ rà á tán! Ẹ yà fún mi, mò ń lọ kó òmíì wá."

Ẹ wá gbọ́ awuyewuye. Apá kan ní ẹsẹ̀ màmá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ojú àwọn ló ṣe. Apá kejì ní ẹsẹ̀ náà ló ta gbogbo ọjà, ọwọ́ àwọn ló gbé e. Wọ́n jà á títí Nọ́síràtù fi kó ọjà tuntun dé. Wọ́n rí i, ojú tì wọ́n, wọ́n sì tún ra ìṣáná.

Màmá ti wálé nígbà yẹn. Ó dúró lórí ẹrù tó dì.

"Láńrewájú, tú u."

"Gbogbo ẹ̀, Màmá?"

"Tú u jàre. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ní ẹsẹ̀ tiwọn."

Mi ò ní í purọ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ṣí padà. Ẹkúndayọ̀ ò ṣe búrẹ́dì mọ́, adìẹ ló ń sìn báyìí, adìẹ náà sì tóbi ju búrẹ́dì ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Awwal rí i pé gbogbo ayé ti ń gun kẹ̀kẹ́ nítorí àìsí epo, ó kó ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ ṣí, ó wá dúró lábẹ́ fèrèsé wa.

"Màmá! Ẹ dákun, ẹ wá bá mi ṣíjà."

"Awwal, mò ń sùn."

"Ẹsẹ̀ yín ni mo nílò, Màmá."

"Òun náà ń sùn."

Mo gbọ́ tí Awwal fa òkúta kan mọ́ra, ó jókòó lé e.

"Kò burú," ló wí. "Tó bá jí, ẹ bá mi sọ fún un pé mo wà níta."