Apá kejì di ọ̀la

Mo purọ́ fún Alhaja lónìí, ẹ má tíì bá mi wí o.

Èmi nìkan ni mo jókòó nílé, mò ń wo fíìmù tuntun kan lórí fóònù. Ìyàwó inú rẹ̀ fẹ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo pariwo, "Má fún un!"

Ni Alhaja, aládùúgbò mi, bá yọjú. "Ìyá Tóyìn, ta lẹ̀ ń bá jà? Ṣé àwọn ọmọ ti wálé sí Ọ̀fà ni?"

"Rárá o, fíìmù ni."

Ó bá jókòó tì mí.

Láyé fíìmù oníkásẹ́ẹ̀tì, ibi tó bá dùn jù ni wọ́n ti máa ń gé e, pé ká lọ wá apá kejì. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, a ó máa jiyàn ọ̀rọ̀ ẹ̀ títí a ó fi rí i yá. Ti ìsinsìnyí, ìjókòó kan ló ń parí, ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Níkẹyìn, ọkọ inú fíìmù náà ti ìyàwó rẹ̀ mọ́ta, fíìmù tán.

Alhaja ní, "Ó parí nìyẹn? Kò ṣílẹ̀kùn fún un?"

Mo yáa pa fóònù. "Ó tì o. Ó ku apá kejì, ó di ọ̀la."

"Ẹ má dá wò ó o! Màá mú ẹ̀pà dání."

Kò sí apá kejì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n gbé fún Alhaja wò lọ́la?