Ọkọ̀ Àfihàn tí Bàbá Mi Fẹ́ Rà

Òórùn ọkọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá àwọn oníṣòwò mọ́tò kan tajà ní Èkó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán ní oríta Kétu, òórùn awọ tuntun, epo bẹntiróòlù àti ìpara orí oríṣiríṣi ènìyàn ló jáde pa pọ̀. Ọkọ̀ tuntun ni, síbẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọkọ̀ àfihàn ni. Òun ni wọ́n máa ń gbé fún ẹni tó bá ń ronú àtira mọ́tò, kí onítọ̀hún lè wà á wò kó tó sanwó fún èyí tí ẹnì kan kò tíì jókòó sínú rẹ̀. Tí irú mìíràn bá ti òkè òkun dé, wọn á dín owó èyí tí gbogbo ènìyàn ti wà kù, wọn á sì wá ẹni tí agbára rẹ̀ ká a.

Bàbá mi ni ẹni tí wọ́n wá kàn lọ́dún náà. Ìwọ tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ bí Ìkòsì ṣe rí nígbà yẹn: oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ lósì, ilé mélòó kan tí páànù wọn ti dípẹtà, àti ọ̀nà tóóró tó pupa bí osùn tó gba inú igbó lọ bá títì ọlọ́dà ní Kétu. Bàbá mi ti wa mọ́tò fún òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́bàá Màrínà, láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà sí agboolé bàbá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́. Ó ní kí òun tó kú, òun gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní bi òun pé níbo ni òun gbé e lọ.

Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí bàbá mi fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá títì, kí òun lè máa ta aṣọ níbẹ̀. Ó tún ní òun kò mọ ayọ̀ tó wà nínú àga tí ìdí gbogbo ará Èkó ti gbóná sí. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, agboolé wa kò tíì ní mọ́tò rí láti ìgbà tí a ti ń jẹ́ onílẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀kan bá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ojú tí àwọn ará Kétu àti Ṣangíṣà fi ń wò wá á yí padà. Nígbà tí wọ́n jiyàn títí tó sú wọn, wọ́n ní kí èmi bá bàbá mi lọ wò ó, torí pé èmi ni mo kàwé, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá lè ka ìwé ìròyìn, wọ́n gbà pé ó lè ka ohun gbogbo.

Ṣé kí n sọ pé mi ò fura? Ó ti pẹ́ tí bàbá mi kò dá nìkan lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìrun àsùbáà mọ́. Ó máa ń fi ìgúnpá gbá ife omi dànù lórí tábìlì, á sì bínú sí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Àwọn ènìyàn á kí i láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò ní dáhùn, wọ́n á wá máa sọ pé ìgbéraga òyìnbó tó bá ṣiṣẹ́ ló ràn án. Èmi ka gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ ogbó. Ọ̀rọ̀ ogbó rọrùn láti sọ, torí pé kò sí ẹni tó ń béèrè ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́ sẹ́yìn, ó ní kí bàbá mi wà á dé ibi tó bá wù ú. Bàbá mi kò tètè ṣíná ọkọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá ohun gbogbo kiri: jíà, ọwọ́ ilẹ̀kùn, etí gíláàsì, bí ẹni ń kí ẹbí tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gbéra, jẹ́jẹ́, láìtiro, bí ìgbà tí wọ́n bá ti ọkọ̀ ojú omi kúrò ní èbúté. A kọjú sí Máìlì 12. Afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé tòun ti òórùn ẹrọ̀fọ̀ odò. Mo wo ojú bàbá mi, mo sì rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti darí wálé. Mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé èmi yóò gbè é lẹ́sẹ̀, kí ìyá mi máa bínú.

Obìnrin kan jáde láti inú oko lápá ọ̀tún, ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, ó ń sọdá títì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó mọ̀ pé ọlọ́kọ̀ rí òun. Èmi náà rò pé bàbá mi rí i. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà níta gbangba, kò sì sí ohun tó dí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò fọn fèrè, kò dẹ ẹsẹ̀, ẹ̀rín yẹn ò sì kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, ènìyàn wà níwájú."

Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì dúró níbi tí obìnrin náà ti lè fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ti já bọ́, ẹ̀gẹ́ sì fọ́n káàkiri orí ọ̀dà. Bàbá mi ló kọ́kọ́ bọ́lẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́, ó sì kúnlẹ̀ láti bá a ṣà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ti ń sá fún. Ẹ̀gẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá ilẹ̀ kiri bí ọwọ́ ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Obìnrin náà, tó ti la ẹnu láti bú u, wò ó, ó sì wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀gẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi lé bàbá mi lọ́wọ́, kí ó lè fi sínú apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, a dúró sẹ́bàá títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi aṣọ nu eruku lára ọkọ̀ rẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ wa. Mo bi bàbá mi pé láti ìgbà wo ni. Ó ní kí òun tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ojú náà gan-an ló sì mú kí òun fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó lé òun. Ó ti lọ rí dókítà ojú ní Èkó láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyá mi kò gbọ́. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà wá, èyí tó kù náà yóò tẹ̀ lé e. Ó ní ó dà bíi kí ènìyàn máa wo ayé láti inú ihò kọ́kọ́rọ́, ihò náà sì ń kéré sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà fi ń kán an lójú.

"Mo ṣì fẹ́ ẹ," ó wí. "Ìwọ sọ fún mi. Ṣé kí n rà á?"

Mo wá ọ̀nà àbáyọ. Mo ní a lè gba awakọ̀, tàbí kí ó kọ́ èmi fúnra mi ní wíwa ọkọ̀, kí n máa gbé e lọ síbi tó bá fẹ́. Ó fi sùúrù gbọ́ mi títí mo fi sọ tán.

"Gbogbo ayé mi, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni mo wà. Ṣé kí ẹlòmíràn tún wá máa wa tèmi?"

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó da eruku bò wá, a sì dúró títí eruku náà fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé, "Ẹ má rà á, Bàbá." Ó mi orí. Ó ní ó dáa. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ó wá wà wá padà sí abẹ́ igi ọ̀dán.

Nílé, ó sọ fún wọn pé ìró ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Inú ìyá mi dùn. Bàbá Kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní ìwé tí mo kà ló ba ire ẹbí jẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, torí pé bàbá mi ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe ohun tí a lè fi pa mọ́ títí. Kí ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e tó tán, gbogbo agboolé ti mọ̀. Owó tó kù lọ sórí oògùn ojú, àti wíwọ ọkọ̀ lọ sí Èkó lọ sọ́dọ̀ dókítà kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo wọn sì ń sọ ohun kan náà pẹ̀lú ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kò kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí ìyá mi tó kú, òun ló ń bu oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, tó ń sọ ibi tí ẹran wà fún un.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo máa ń sọ fún ara mi pé mo ṣe ohun rere lọ́jọ́ náà, pé ó ṣeé ṣe kí n ti gba ẹ̀mí ẹnì kan là lórí títì yẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ti wà nígbà náà lọ, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìmọ̀ràn ló ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ti mọ ìdáhùn kó tó jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ohun tó rẹ̀ ẹ́ ni pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ kí ẹnì kan bá òun sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kí ó má jẹ́ òun nìkan ló ń ru ẹrù ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo bá a sọ ọ́. Kò dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú rẹ̀, kò sì fi ọjọ́ ayọ̀ kan kún èyí tó kù fún un. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní oògùn, ọ̀rẹ́ mi, tí kò sì ní ìtùnú nínú. Gbogbo ohun tó kù fún ẹni tó bá fẹ́ràn ẹlẹ́rù ni pé kí ó dúró tì í, kí ó má sì purọ́ fún un.