Okùn Àwọ̀n Tí Mo Fọwọ́ Kàn Létí Òkun

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bá yín jà: ìsinmi ni mo lọ ṣe tí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì fi bó.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé ìjọba sí Ìlasàn nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ti ìlú òyìnbó dé. Ó ní òun lo ọ̀sẹ̀ kan létí òkun Mẹditaréníà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ti ń sinmi lówó pọ́ọ́kú. Ó fi fọ́tò hàn wá: òun àti aya rẹ̀ nà gbalaja sórí iyanrìn bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Ìyàwó mi, tó ti tọ́jú ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn títí di fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀, wo fọ́tò náà títí.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré," ló wí. "Kí n má dáná, kí n má gbàlejò."

Ìyẹn náà ni? Ṣé tiwa kì í ṣe òkun ni? Bàbá kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ajah yọ̀ǹda ahéré onímọ̀ ọ̀pẹ kan fún wa. A kó búrẹ́dì, gààrí àti sádìnì inú agolo dání, ó di etí òkun.

A ò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà táwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọ̀n wọn bọ̀ wá sí èbúté. Mo ní kí ìyàwó mi yà mí ní fọ́tò níbi tí mo ti di okùn àwọ̀n náà mú, kí ọ̀rẹ́ mi lè mọ̀ pé àwa náà lókun.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan o!" ìyàwó mi kìlọ̀.

Mo dì í mú. Ó yà á. Mo jù ú sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo búra.

Nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀, bàbá tó fún wa nílé, òun náà ló sì ni àwọ̀n, gbé agbọ̀n ṣáwá kan wá, ó kún dẹ́nu.

"Ọ̀gá Èkó, ìpín yín rè é."

"Bàbá, fọ́tò lásán ni mo yà."

"Ọwọ́ yín kan okùn. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá kan okùn tí kò gbàpín, ó fẹ́ kí àwọ̀n wa ṣófo lọ́la ni."

Gbogbo apẹja yíjú sí mi. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo gbà á, mo tún dọ̀bálẹ̀.

Kò síná mànàmáná, kò sí yìnyín, ṣáwá tó máa ń tètè jẹrà ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá sinmi. Kó tó dìrọ̀lẹ́, àwọn ìyàwó bàbá ti gbé igi ìdáná àti àwọ̀n irin tí wọ́n fi ń yan ẹja dé, wọ́n jókòó ti ìyàwó mi. Iná rè é, àlejò rè é.

"Olówó orí mi," ló wí, èéfín ti sọ ojú ẹ̀ di pupa, "ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń yan ẹja ní Mẹditaréníà?"

Mo fẹ́ bá a yí ẹja. Ó ní kí n má tún fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí bàbá fi dé pẹ̀lú géńdé márùn-ún.

"Ọ̀gá Èkó, ẹ jáde. Ẹni tó gbàpín àná, okùn òní ń dúró dè é."

Mo ní, "Bàbá, ìsinmi ni mo…" Ìyàwó mi ti ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ máa mú wọn lọ, Bàbá. Ẹ má tètè dá wọn padà o."

Mo fa okùn títí oòrùn fi dé àtàrí. Mo yí ọrùn wẹ̀yìn: aya mi ti nà gbalaja sórí iyanrìn, sádìnì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sókè.

"Ọkọ mi, ẹ rẹ́rìn-ín!"