Gbọ̀rọ̀ Tí Màmá Já Lẹ́yìnkùlé Aládùúgbò

Òórùn ewé tòmátò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ló máa ń dá mi padà sí ìparí oṣù Kẹjọ ọdún tí màmá mi wá kí wa ní Thamesmead nílùú òyìnbó láti Èkó. Ẹ̀yìnkùlé wa kéré débi pé bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó síbẹ̀, orúnkún wọn á máa kan ara wọn. Síbẹ̀, tòmátò wà níbẹ̀, ata rodo wà nínú ìkòkò, igi ápù aládùúgbò wa sì na ẹ̀ka kan kọjá ọgbà sọ́dọ̀ wa. A ó jókòó síta, a ó máa jẹ tòmátò tòun ti iyọ̀, Màmá á sì máa bá oòrùn jà. "Ìgbà wo gan-an ni ilẹ̀ ń ṣú ní ìlú yín yìí?"

Aládùúgbò náà jẹ́ bàbá òyìnbó kan tó ń dá gbé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Elégédé kan ṣoṣo ló ń tọ́ bí ọmọ: ó tẹ́ koríko gbígbẹ sí i lábẹ́, ó sì ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó tí atẹ́gùn bá tutù. Ó fẹ́ gbé e lọ síbi ìdíje àwọn olọ́gbà àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń wọn elégédé láti mọ èyí tó tóbi jù. Obìnrin kan láti Thamesmead East ló borí rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. "Kẹ̀kẹ́ ọmọ ló fi gbé tiẹ̀ wá," ni bàbá náà sọ fún mi, bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní kóòtù.

Nígbà tí ìdíje ku díẹ̀, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó ní ká bá òun máa bomi rin elégédé náà. Iṣẹ́ ìròyìn kì í jẹ́ kí n tètè délé, mo bá gbé e lé Màmá lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí lórí tábìlì, irú tí a rà ní ọjà Woolwich ń ta sánsán nínú rẹ̀. Mo ti bu ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ọmọ mi obìnrin tó béèrè, "Grandma, níbo lo ti rí ẹ̀fọ́ yìí?"

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Sorry. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀yìnkùlé òyìnbó. Gbọ̀rọ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú, kò sẹ́ni tó ń já a. Mo ti gbé abọ́ kan fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ju òkèlè sílẹ̀. Mo sáré bọ́ síta. Elégédé náà jókòó sórí koríko, ìtàkùn rẹ̀ ti di ìhòòhò, àfi bí olórí pípá tí afẹ́fẹ́ gba fìlà rẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé ewé ló ń bọ́ èso, pé bàbá náà ń fẹ́ kó tóbi sí i. Ta ni mo ń ṣàlàyé fún? Lọ́dọ̀ tiwa, gbọ̀rọ̀ tí a kò já, a ti fi ṣòfò nìyẹn, ẹni tó bá sì bá ni bomi rin oko kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

"Ṣé mo fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ tó jókòó yẹn ni?" ni Màmá wí.

Nígbà tí bàbá náà dé, ó káwọ́ lérí. Mo ṣì ń wá ẹnu tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ ni Màmá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú abọ́ ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì. "Sọ fún un pé gbọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ́ gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Á rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo sọ fún un. Ó fèsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ìwé ìròyìn kankan kò ní gbé jáde.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ ṣeun."

"Irọ́ lò ń pa. Ojú ẹni tó ń dúpẹ́ kọ́ nìyẹn."

Ṣùgbọ́n Màmá kò gbé ọwọ́ tó fi na abọ́ wálẹ̀, òyìnbó náà sì gbà á. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tọ́ ọ wò, ó ń fọn imú nítorí ata, ó sì ń ha abọ́.

Gbọ̀rọ̀ rú lóòótọ́, ṣùgbọ́n elégédé kò tóbi sí i mọ́. Lọ́jọ́ ìdíje tí gbogbo wa jọ lọ, obìnrin Thamesmead East tún gba ipò kìíní. Màmá yí elégédé obìnrin náà po, ó ní kí n bi í léèrè ohun tó ń fi ewé rẹ̀ ṣe. Obìnrin náà ní orí ààtàn lòun ń dà á sí.

"Ẹ̀bùn wà, ọbẹ̀ ò sí," ni Màmá wí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá náà láìyọ nǹkan kan kúrò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ohun tí ìyá mi fi ojú aládùúgbò wa rí. Àmọ́ nígbà tí Màmá ti padà sí Èkó, bí èmi àti bàbá náà ṣe ń ká ápù, mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ gbọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Ó ní lẹ́yìn gbogbo ìdíje, inú ike ìdọ̀tí lòun máa ń ju elégédé sí.

"Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú," ó ní, "ìyá rẹ nìkan ló tíì fi nǹkan tí mo gbìn se oúnjẹ fún mi."